Ìka Kò Dọ́gba, Ikùn Náà Kò Dọ́gba

Ìyá alátàá kan ní Mile 12 mu nónò, inú rẹ̀ ń kùn, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Ó ní Fúlàní tó tà á fi nǹkan sí i. Ìjà fẹ́ bẹ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Igbá kan náà lòun náà mu, kò ṣe é. Èmi gan-an, tíì onímílíìkì agolo ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Fúlàní kọ́ ló ń ta agolo."

Ní 1971, Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí wọn jáde pé ṣúgà inú mílíìkì kì í dà nínú ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń dà nínú ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran. Oje ìfun tó ń dà á a máa dín kù bí a ti ń dàgbà. Kòkòrò inú ìfun á wá sọ ṣúgà náà di afẹ́fẹ́.

Ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ wàrà, nítorí púpọ̀ ṣúgà rẹ̀ ti bá omi rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ètè bá wú, tí èémí ń há, ìyẹn yàtọ̀: ọsibítù ni kíákíá.

Ẹ má fi inú kíkùn ba ọ̀rẹ́ ọjà jẹ́ o.