Lẹ́yìn tí okùn abẹ́ òkun já ní Àbíjàn: Kí ló tún ń fa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sẹ́yìn?

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, ohun kan ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ òkun níwájú ìlú Àbíjàn, tí ẹnikẹ́ni kò fi ojú rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi etí gbọ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ìlú ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà ti mọ̀ lára kí oòrùn tó kan àtàrí. Okùn mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun kọjá ló já: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ilé iṣẹ́ MainOne jẹ́ kó di mímọ̀ pé jíjìn omi níbi tí tiwọn ti já tó nǹkan bíi kìlómítà 3, pé kò sí ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja tó lè débẹ̀, àti pé ó jọ bí ẹni pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Àwọn onímọ̀ kan tọ́ka sí kòtò ńlá tó wà níwájú ìlú náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá etíkun, tó sì ń jìn lọ sínú agbami. Trou sans Fond ni àwọn tó ń sọ èdè Faransé ń pè é, ìyẹn ihò tí kò nídìí. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ẹrẹ̀ àti iyanrìn ya lulẹ̀ nínú ihò náà, kó sì gbá àwọn okùn wọ̀nyí lọ.

Côte d'Ivoire ló fara gbá a jù. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe Liberia, Benin, Ghana àti Burkina Faso ní kékeré. Ní Nàìjíríà níbí, àwọn báńkì mélòó kan ń bẹ oníbàárà wọn pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Ohun tó kó àwọn èèyàn yọ ni pé kì í ṣe gbogbo okùn ló já. Equiano tí Google tẹ́ wá sí Lomé àti Èkó kò já, Glo-1 kò já, okùn tí Maroc Telecom tẹ́ dé Àbíjàn náà kò já. Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sáré wá ààyè lórí ìwọ̀nyí, nígbà tó sì di ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lò padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ àtúnṣe lójú agbami kò kúrò nílẹ̀ títí wọ oṣù kẹrin.

Àwọn ọmọ Yorùbá kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ti ẹlòmíràn. Ta ni kò mọ̀ pé Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Àbíjàn ti di ilé kan náà? Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń lọ síbẹ̀ ṣòwò, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì lójà Èjìgbò, àwọn ará Àbíjàn sì ní orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá, Anango ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní Adjamé àti Treichville, àwọn Anango wọ̀nyí ń tajà, wọ́n ń kọ́lé sílé, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá, bàbá àti ọmọ. Orí kọ̀ǹpútà àti fóònù ni owó ọ̀hún ń gbà lọ báyìí, kì í ṣe inú báàgì awakọ̀ mọ́.

Ọmọ Èjìgbò kan wà ní Plateau, ní àárín gbùngbùn ìlú náà, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tó ń bójú tó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fún àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń fi owó ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí okùn já, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti ń dúpẹ́, Alàájà kan láti Adjamé pè é lórí fóònù.

"Ọmọ mi, wọ́n ní okùn ti padà, àbí irọ́ ni wọ́n pa fún wa? Owó tí mo fi ránṣẹ́ sílé láti àárọ̀ kò tíì dé. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní kí n jókòó, mo ti jókòó sú."

"Ẹ má bínú, Alàájà. Òótọ́ ni pé okùn ti padà. Ohun tó kù là ń wá."

"Kí ló wá kù? Àbí òkun náà ti gbẹ ni?"

Kò rí èsì fún Alàájà, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó kù. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Iṣẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé: ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, yóò lọ káàkiri, yóò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pé ṣé àlàáfíà lo wà, yóò sì ya àwòrán gbogbo wọn sójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tó bá dáhùn yóò ní àwọ̀ ewé, èyí tí kò bá dáhùn yóò pọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣọ́ tó 400. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwòrán náà kò kúrò lójú kan. Bí ó bá tẹ bọ́tìnì kan, yóò lọ pọn omi mu kí ojú kọ̀ǹpútà tó yí padà. Àwọn ẹ̀rọ tó mọ̀ dájú pé ó ń ṣiṣẹ́ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ti kú sì wà ní àwọ̀ ewé, nítorí ìròyìn àná ni ètò náà ṣì ń kà.

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà pe ìpàdé, ó ní ààyè tí wọ́n rà lórí okùn tuntun kò tó, kí wọ́n lọ ra ìlọ́po méjì rẹ̀. Wọ́n rà á. Owó kékeré kọ́. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò fi bẹ́ẹ̀ yára sí i, ni ọ̀gá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ Èjìgbò tìfura-tìfura, ó ń béèrè pé ṣé ó mọ iṣẹ́ tí òun ń san owó fún ún lé lórí. Gbogbo ayé ló máa ń ṣe bí ọ̀gá yìí: nǹkan bá ti ń falẹ̀, ọ̀nà tóóró ni wọ́n máa kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, wọn kò ní béèrè pé ṣé ẹni tó ń rin ọ̀nà náà mọ ibi tó ń lọ.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọmọkùnrin náà mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú 400, èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Treichville. Ó fi ping pè é pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Kíá ni ó dáhùn, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó tún pe ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ó dúró. Ó kà á lórí aago: ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kọjá kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó mú òmíràn, márùn-ún náà ni. Ó mú ẹ̀kẹta, márùn-ún tún ni. Ọ̀nà tó fún kì í fúnni ní iye tó dọ́gba báyìí. Lónìí yóò jẹ́ méjì, lọ́la yóò jẹ́ méje. Níbi tí iye bá ti ń dọ́gba lọ́nà bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹnì kan ló ń ka iye tí wọ́n ní kó kà kó tó sú u.

Ẹni tó ń kà á ni DNS, ìyẹn ètò tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, tó sì ń sọ nọ́ńbà di orúkọ. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, orúkọ ni èèyàn mọ̀, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣe ògbufọ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ àwọn ògbufọ̀ tí yóò bi léèrè, ẹni àkọ́kọ́, ẹni kejì. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá dáhùn, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà máa fi dúró dè é kí wọ́n tó kọjú sí ẹni kejì. Bí wọ́n bá tún ní ìbéèrè mìíràn, wọn kì í rántí pé ẹni àkọ́kọ́ kò dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n tún máa kọ́kọ́ padà lọ, wọ́n á sì tún dúró.

Ní ilé iṣẹ́ náà, ògbufọ̀ àkọ́kọ́ wà ní Yúróòpù. Ọ̀nà àdáni tí wọ́n háyà lórí ọ̀kan nínú àwọn okùn mẹ́rin tó já ni wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì gbogboogbò lè yà gba ọ̀nà mìíràn bí okùn bá já. Ọ̀nà àdáni bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé yà, àfi bí ẹni tó ni ín bá gbé e. Kò sẹ́ni tó gbé e, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ògbufọ̀ kejì náà wà lókè òkun, òun ń dáhùn, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ ni pé òun kò mọ ẹni tí wọ́n ń béèrè. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Nọ́ńbà abẹ́lé ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń jẹ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tí ẹnikẹ́ni láyé lè lò nínú ọgbà tirẹ̀. Kí èèyàn máa béèrè orúkọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù dà bí kéèyàn dúró ní Paris, kó máa bi àwọn tó ń kọjá léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó wo ni wọ́n ń pè ní Ìbàdí-àrán nínú agbo ilé wa?"

Ẹ wá bá a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀rọ 400, ìṣẹ́jú àáyá 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ètò náà ń béèrè wọn: 2,000 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó lé ní ìṣẹ́jú 33. Ẹni tó yẹ kó yí ilé ká ní ìṣẹ́jú márùn-ún ń fi ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n bèèrè orúkọ, kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Àwọn náà ń bi ògbufọ̀ kan náà léèrè kí wọ́n tó lè fi owó ránṣẹ́, ibẹ̀ ni Alàájà jókòó sí.

Àrùn yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn tó lo HP OpenView láti ṣọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Kí Paul Mockapetris tó gbé DNS kalẹ̀ ní ọdún 1983, ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo orúkọ wà nínú rẹ̀, ní ilé ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, gbogbo kọ̀ǹpútà sì ń lọ dà á kọ níbẹ̀. Pípín tí wọ́n pín ìwé náà káàkiri ayé ló jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbòòrò. Ohun kan náà ló sọ ọ́ di pé ibi tí orúkọ rẹ bá wà ni ẹ̀mí rẹ wà. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ kárí ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Àṣìṣe níbi iṣẹ́ àtúnṣe lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ògbufọ̀ Facebook ti dí, kọ̀ǹpútà wo ló lè wá ilé náà rí?

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àbíjàn kò ṣàìní ohun èlò. ARTCI, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Côte d'Ivoire, ló ń bójú tó orúkọ .ci, bí NiRA ti ń bójú tó .ng lọ́dọ̀ tiwa. CIVIX wà nínú ìlú náà, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti lè fún ara wọn ní ẹrù láìgba òkun kọjá. Síbẹ̀, iye ilé iṣẹ́ tó gbé orúkọ ara rẹ̀ sókè òkun kò kéré, nítorí pé ó dínwó, tàbí nítorí pé ẹni tó bá wọn tò ó nígbà náà kò ronú kan ọjọ́ tí okùn yóò já.

Ohun tí ọmọ Èjìgbò náà ṣe kò gbà ju ọjọ́ kan àbọ̀ lọ. Ó wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan nínú ọ́fíìsì, ó sọ ọ́ di ògbufọ̀, ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹ̀rọ 400 náà sínú rẹ̀, síwá-sẹ́yìn, kí ó lè dáhùn bí wọ́n bá fi orúkọ béèrè àti bí wọ́n bá fi nọ́ńbà béèrè. Ó ní kó máa tọ́jú èsì tó bá gbà láti òde sọ́wọ́, kó má máa lọ béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ ògbufọ̀ tí kò dáhùn kúrò lórí àkọsílẹ̀, ó fi tuntun síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbà á nímọ̀ràn pé kó kàn kọ orúkọ sínú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ parí ní wákàtí kan. Ó kọ̀. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ dára fún ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ̀mí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ tí nọ́ńbà ẹ̀rọ kan bá yí padà, kò ní sẹ́ni tó rántí ibi tí wọ́n kọ ti àtijọ́ sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwòrán náà yí ká láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀rọ mọ́kànlá ló pọ́n, mọ́kànlá náà ló sì ti kú lóòótọ́. Alàájà tún pè, ó ní owó ti dé Èjìgbò, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí okùn já mọ́. Ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ lórí owó tí wọ́n fi ra ààyè, ó kàn ní kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun méjì, kí ògbufọ̀ má baà dá nìkan wà nínú ilé kan. Wọ́n gbé èkejì sí Treichville. Ọ́fíìsì wọn tó wà ní Bouaké ló kù tó ṣì ń lo àkọsílẹ̀ àtijọ́, ọmọ Èjìgbò sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ọjọ́ Ajé.