Fíìmù Wo Ni Ẹgbẹ́ Rẹ?

Ọ̀rọ̀ tó dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń dúró de takisí ní Post Office, n'Ílọrin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ẹnì kan ló ní kí kálukú mú fíìmù kan ṣoṣo tó fẹ́ràn jù nínú àwọn tó jáde lọ́dún tí wọ́n bí i. Àfi bí ẹni da epo síná!

Ìyá oníwàrà kan kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ jókòó o jàre! Ẹ fẹ́ fọgbọ́n mọ ọjọ́ orí mi ni." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá dárúkọ fíìmù rẹ̀ ti dárúkọ ọdún rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn àgbà ló kọ́kọ́ há. Baba kan tí wọ́n bí ní 1958 ní òun ò rí nǹkan kan mú. Kò jẹ̀bi: kò tíì sí fíìmù Yorùbá nígbà náà. Ní 1970 tí Kongi's Harvest jáde, tí Wole Soyinka fúnra rẹ̀ ṣe Kongi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. 1976 ni Àjàní Ògún dé, èyí tí Ọlá Balógun darí. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Adé Afọláyan, Adé Love tí gbogbo ayé mọ̀, ló ṣe Àjàní, ọmọ Agbamu ní Kwara níbí sì ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà, torí pé méjì nínú wọn ni wọ́n bí ní 1976. Onítakisí kan ní Àjàní Ògún ni tòun, ọmọ ọdẹ tó kojú alágbára tó gba ilẹ̀ baba rẹ̀. Télọ̀ kan, tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ Fúlàní, ní Shaihu Umar ni tòun. Ọdún kan náà ni Adamu Halilu ṣe é lédè Haúsá, láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ: ọmọ tí wọ́n jí gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tí wọ́n mú kọjá aṣálẹ̀, tó wá di ààfáà ńlá.

Onítakisí ní, "Ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin, ẹ ò tiẹ̀ mọ ibi tẹ́ ẹ wà!"

Télọ̀ ní, "A mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibi méjèèjì ni."

Àwọn ọ̀dọ́ ò níṣòro. Ẹni 1993 mú Tí Olúwa Nilẹ̀, ẹni 1999 mú Saworoidẹ. Túndé Kèlání ló ṣe méjèèjì. Àwọn ọmọ 2022 lọ̀rọ̀ wọn máa le lọ́la, torí ọdún yẹn ni Agẹṣinkólé ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ àti Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, jọ jáde.

Obìnrin kan tí wọ́n bí ní 1982 ló wá sọ ohun tó pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Ọ̀run Móoru ti Baba Sàlá ni tiẹ̀. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tóun lọ wò ó ni wọ́n bí i, pé ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa òun. Bàbá ti kú. Obìnrin yìí ò rí fíìmù náà wò rí. Kì í ṣe torí Baba Sàlá ló fi ń wá a, bí kò ṣe kó lè mọ ohun tó pa bàbá òun lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn olè ló ba fíìmù yẹn jẹ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Kí Baba Sàlá tó jèrè ni wọ́n ti dà á sí fídíò, tí wọ́n ń tà á káàkiri. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó kú ní 2018. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú agolo ni wọ́n ń kó fíìmù ayé ìgbà náà sí, tí ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìrètí ò tán. Shaihu Umar náà sọnù rí. Ní 2016 ni wọ́n rí i nílé ìpamọ́ àjọ fíìmù ìjọba ní Jọ́ọ̀sì. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin, ní Jámánì, ní 2018. Nígbà tí télọ̀ sọ èyí, onítakisí ò bá a jà mọ́.

Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ṣì wà láyé, kó bi wọ́n lálẹ́ òní: fíìmù wo lẹ wò lọ́dún tẹ́ ẹ bí mi? Ta lẹ bá lọ? Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Bí agolo fíìmù tàbí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan bá sì wà lábẹ́ ibùsùn ẹnikẹ́ni, kó má sọ ọ́ sí ààtàn o. Ọmọ ẹlòmíì lè máa wá a.