Orúkọ ni wọ́n yọ ṣúgà kúrò, ṣúgà ṣì wà nínú páálí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tójú mi rí nílé ọmọ mi ní Atlanta, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 2023, mo fẹ́ẹ́ sọ ọ́ fún yín, torí ó lè ṣe ẹlòmí-ìn láǹfààní. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Lébẹ̀ẹ̀lì ara ike, páálí bisikíìtì, kò sí èyí tí mi ò tẹ̀ rí. Ẹ máa tó rí ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2016 ni wọ́n sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìyàwó mi ló máa ń ṣọ́ ẹnu mi nílé. Àmọ́ ní Atlanta, bílẹ̀ bá ti mọ́, ọmọ mi àtìyàwó ẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ó ku èmi nìkan. Mo wá rí páálí kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, irú oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n ń da mílíìkì sí, tí àwa ń pe gbogbo ẹ̀ ní kọnfuléèkì. Wọ́n kọ oyin gàdàgbà sára ẹ̀. Mo ní ó parí! Ṣebí oògùn loyin? Àárọ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi jẹ ẹ́, abọ́ méjì méjì. Mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, ẹ̀bi ọ̀fun ara mi ni.

Lọ́jọ́ keje, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, òùngbẹ ń gbẹ mí bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló sáré mú ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó gún mi níka, ló bá pariwo: "Bàbá àgbà, 346!" Ọsibítù ni wọ́n gbé mi gbà lọ́jọ́ náà. Ọlọ́run ló yọ mí.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, ọmọ yìí wá jókòó tì mí. Gìtá ló máa ń ta. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta ń kọ orin rọ́ọ̀kì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní alternative, wọ́n sì ń wá orúkọ tí wọ́n máa sọ ẹgbẹ́ wọn. Ó ní ká ṣeré kan, òun á dárúkọ, kí n sọ bóyá oúnjẹ ni àbí ẹgbẹ́ olórin.

Ó ní, "Korn." Mo ní oúnjẹ ni, ṣebí àgbàdo ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹgbẹ́ olórin ni, Bakersfield ní California ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1993. Ó ní, "Cake." Mo ní èyí ò lè jẹ́ olórin láé. Ó ní olórin ni, Sacramento ni wọ́n ti wá. Ó ní, "Trix." Mo ní ó ti yé mi wàyí, olórin ni. Ó ní rárá o, oúnjẹ àárọ̀ àwọn ọmọdé ni, ọdún 1954 ló dé ọjà. Ó ní, "Kix." Mo dákẹ́. Ó ní méjèèjì ni! Ilé iṣẹ́ General Mills gbé oúnjẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde lọ́dún 1937, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan láti Maryland náà sì gbé àwo àkọ́kọ́ jáde lórúkọ yẹn lọ́dún 1981.

Mo ní ṣé wọn ò gbéra wọn lọ sílé ẹjọ́ ni, torí orúkọ ara lébẹ̀ẹ̀lì ti dá ìjà sílẹ̀ lójú mi ní Ṣómólú. Ó ní bí ọjà méjèèjì ò bá ti jọra, tí kò sí pé oníbàárà máa ṣi ọ̀kan mú fún ìkejì, kì í sábà di ẹjọ́. Ta ló máa da mílíìkì sórí gìtá? Àmọ́ ó ní kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rọgbọ. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Green Jellö tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni Jell-O, ìyẹn oúnjẹ dídùn kan tó máa ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ nínú abọ́, fárígá, ni wọ́n bá di Green Jellÿ.

Ó wá ní, "Sugar." Mo ní àh, ìyẹn ò ṣòro, òun ló fẹ́ẹ́ pa mí yìí. Ó ní rárá, ẹgbẹ́ olórin ni. Bob Mould ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1992. Ilé oúnjẹ kan ló jókòó sí ní Athens, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Atlanta, tójú ẹ̀ fi bọ́ sára ìdì ṣúgà pélébé kan, ló bá fi sọ ẹgbẹ́ ẹ̀ lórúkọ.

Ohun tọ́mọ náà sọ tẹ̀ lé e ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní Sugar Smacks ni Kellogg's pe oúnjẹ kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1953, ó di Honey Smacks. Sugar Frosted Flakes tó ti wà láti ọdún 1952 di Frosted Flakes. Sugar Crisp ti ilé iṣẹ́ Post náà di Golden Crisp. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, táwọn òbí ti ń bẹ̀rù ṣúgà, ni ọ̀rọ̀ náà pòórá lára páálí wọn. Ṣé ṣúgà náà lọ? Lọ́dún 2011, àjọ Environmental Working Group yẹ Honey Smacks wò, ṣúgà lé ní ìdajì ìwọ̀n ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná! Oúnjẹ tí ṣúgà kún inú ẹ̀ ju orúkọ ṣúgà nù, àwọn olórin tí kò ní ṣúgà kankan lọ́wọ́ wá ṣà á jẹ́. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí, ọjà ni wọ́n ń wò.

Ojú tì mí. Èmi tí mò ń fi lébẹ̀ẹ̀lì jẹun, tí mo mọ̀ pé ìpolówó ni lẹ́tà gàdàgbà iwájú, pé inú lẹ́tà wínníwínní ẹ̀gbẹ́ lòótọ́ wà, mi ò yí páálí wò. Nígbà tí mo wá yí i, ṣúgà ló ṣe ìkejì nínú ohun tí wọ́n fi sè é, oyin wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo padà sí Èkó, obìnrin kan tó ń ta sóbò gbé iṣẹ́ wá, ẹgbẹ̀rún lébẹ̀ẹ̀lì. Ó ní kí n kọ "Sóbò Olóyin" síwájú ẹ̀. Mo ní, "Màdáàmù, ṣé oyin lẹ ń fi sí i lóòótọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá, ta ló fẹ́ẹ́ rówó oyin? Ṣúgà ni." Mo ní kó jẹ́ ká kọ ṣúgà nígbà náà. Ó kó ẹrù ẹ̀, ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo rí "Sóbò Olóyin" lọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé kan. Iṣẹ́ yẹn dùn mí, mi ò ní í purọ́ fún yín.

Ọmọ ọmọ mi pè mí láìpẹ́ yìí. Ó ní àwọn ti rí orúkọ sọ ẹgbẹ́ àwọn. Mo ní kí ni? Ó ní, "346." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Orúkọ tòun, ó kéré tán, ohun tó wà nínú ẹ̀ ló sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sáré lọ síbi iṣẹ́, tẹ́ ẹ ń bu kọnfuléèkì sábọ́ fọ́mọ láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí páálí yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó da mílíìkì sí i.