Ẹ̀dà Kan Là Ń Tọrọ

Nínú iṣẹ́ àdàkọ orin àtijọ́ tí à ń ṣe ní Ọ̀fà, ẹ̀rọ kọ́ ló le jù. Kí olóhun gbà kí a gbé orin rẹ̀ jáde lórí téèpù rílì ló le. Ní Amẹ́ríkà, The Tape Project ti ń gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láti 2007, adùn ohùn ni wọ́n sì fi ń polówó rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ adùn kò lè yí ọkàn àwọn tiwa padà. Wọ́n ti gbọ́ adùn rí, owó ni wọn ò rí. Ìpamọ́ ló yẹ ká fi bẹ̀ wọ́n: ẹni tó bá jẹ́ ká da másítà rẹ̀, ìyẹn téèpù àtilẹ̀bá, kọ lónìí ni orin rẹ̀ yóò ṣì wà fọ́mọ.

Ìfura wọn nídìí. Láyé Decca West Africa àti EMI, ilé-iṣẹ́ ló ń tọ́jú másítà. Olórin a gba owó, a máa lọ. Ní 1969 ni Haruna Ishola àti I.K. Dairo dá Star Records sílẹ̀, kí olórin lè nípìn-ín nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ àdéhùn dá ìjà sílẹ̀ láàárín Sunny Ade àti ilé-iṣẹ́ African Songs títí ó fi dé kóòtù. Lẹ́yìn náà ni Decca di Afrodisia, tí EMI náà di Ivory Music, ìwé àdéhùn sì ń nira láti tọpa. Kásẹ́ẹ̀tì wá dé, àwọn tó ń gba ẹ̀yìn da orin kọ kó èrè lọ. Ẹni tójú ẹ̀ rí gbogbo èyí, tó wá gbọ́ pé “ẹ gbé másítà yín wá”, olè ni yóò rò pé ó dé.

Wọ́n á ní ẹni mélòó ló ní ẹ̀rọ rílì tí yóò rà á? Kò pọ̀, n kò sì ní purọ́. Ní ti olè tí wọ́n ń bẹ̀rù, rílì ńlá tó gba ẹsẹ̀ bàtà 2,500 téèpù kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 33 lọ bó bá ń sáré ínṣì 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iye àkókò yẹn náà la sì máa fi da ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kọ. Ta ni yóò fi ìyẹn jalè? Àwo tí olè rà lọ́jà ti tó o ṣe MP3. Àtakò tó lágbára ni pé kọ̀ǹpútà ti wà, kí wá ni ti téèpù? Mo gbà pé ká fi sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, níjòókòó kan náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sanwó àtúnṣe? Àwọn téèpù bí Ampex 456 ayé ìgbà yẹn ní àtè tó ń fa ọ̀rinrin, tó ń lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ. A ní láti fi ooru bí ìwọ̀n 54 Celsius yan án fún wákàtí púpọ̀ kó tó ṣeé lù, ìwòsàn yẹn kì í sì í pẹ́. Àwọn díẹ̀ tó ń ra ẹ̀dà orí rílì lókè òkun máa ń san ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là lórí odindi àwo-orin kan. Owó wọn ló lè gbọ́ bùkátà yẹn. Àwọn tó ń tún orin wa gbé jáde níbẹ̀ sábà máa ń dà á kọ láti inú àwo gbígbó, torí wọn ò rí másítà mọ́.

Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 1988, kí ti 2022 tó rọ́pò rẹ̀, sọ pé olórin tí a fi orúkọ rẹ̀ gba orin sílẹ̀ ló ni ohùn náà, àyàfi tí àdéhùn bá sọ òmíràn. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ohùn náà ní 50 ọdún lẹ́yìn tí a bá gbé e jáde, orin fúnra rẹ̀ ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, nítorí náà ẹni tó jókòó lé másítà kò fi àkókò jèrè. Ibi tó ń yọ mí lẹ́nu ni ogún. Odòlayé Àrẹ̀mú, onídàdàkúàdà Ìlọrin, jáde láyé ní 1997. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ti lọ. Níbi tí ìyàwó bá ti ju ẹyọ kan, ìbuwọ́lùwé àkọ́bí nìkan kò tó. Ìwé àṣẹ ogún láti kóòtù ni mo ń dábàá, kí másítà má kúrò níwájú ẹbí, kí iye ẹ̀dà wà nínú ìwé, kí tiwọn sì ti wà lọ́wọ́ wọn ká tó ta ẹyọ kan.