Ọpẹ́ Lẹ́yìn Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, a rí òmíràn gbà. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọdé nìkan. Ó kan àgbà, ó kan ẹgbẹ́, ó sì kan èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn Sípẹ́ṣà Máṣà ní agbègbè wa. Àwa ni afínnúfíndọ̀ tó ń ran Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ náà. A kì í gba owó oṣù.

Ní ọdún 1977 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ti pọ̀ sí i, ọ̀kadà sì ti gba ìgboro kan. Ìmọ̀ àná kò tó fún iṣẹ́ òní mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún.

Ní ìpàdé tí mo ń wí yìí, ọ̀gá ọlọ́pàá kan kọ́ wa bí a ṣe ń bá awakọ̀ tí inú ń bí sọ̀rọ̀ láìbú u. Nọ́ọ̀sì kan kọ́ wa pé a kì í wọ́ ẹni tó fara pa jáde nínú ọkọ̀ bí ẹni wọ́ igi, nítorí pé eegun ọrùn rẹ̀ lè ti dá. Ó sì fi hàn wá bí a ṣe ń tẹ aṣọ mímọ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ gírígírí kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán lára ènìyàn. Mẹkáníìkì kan gbé taya tó ti dán wá, ó ní kí olúkúlùkù wa fọwọ́ kàn án. Ìyá olóńjẹ dín owó oúnjẹ kù fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó to àga ni wọ́n tún gbá gbọ̀ngàn nígbà tí gbogbo wa ti lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, alága wa bi mí pé, "Akọ̀wé, ṣebí a ti dúpẹ́ nínú gbọ̀ngàn? Kí ni a tún ń kọ lẹ́tà sí?" Mo dá a lóhùn pé ọpẹ́ tí a dú fún gbogbo ènìyàn lápapọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè mú un lọ sílé. Mo kọ lẹ́tà sí ẹnìkọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ohun tí ó ṣe gan-an. Àwọn tí kò mọ ìwé kà, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Oṣù kejì kò tíì pé tí ọ̀kadà kan fi ṣubú ní oríta wa. Ẹ̀jẹ̀ ń da ní itan ọmọkùnrin tí ó gbé. Àwọn èrò ń pariwo, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, kò sì gbọ́wọ́ kúrò títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè.

Mo tún padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì náà láti ròyìn fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó sì wí pé, "Tíṣà, ọjọ́ wo ni ti ọdún tó ń bọ̀? N óò mú bàǹdéèjì wá."

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n "ẹ ṣé" nìkan kò tó. Ó yẹ kí olóore mọ ibi tí oore rẹ̀ dé, kí ó lè mọ̀ pé làálàá òun kò já sí asán.