Lórí Ìbòrí Ẹ́ńjìnì, láti Kétu dé Mile 12

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ dánfó Volkswagen LT ní Kétu yóò mọ ìbòrí gíga tí ó wà láàrin ìjókòó awakọ̀ àti ti èrò iwájú. Ẹ́ńjìnì ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọkọ̀ náà ní 1975 fi í síbẹ̀ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè gba ẹrù àti èrò púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ní Èkó, ìbòrí náà di ìjókòó. A ti rí ìyá aláta tí ó ṣẹ́ aṣọ po sí i lórí kí ó tó jókòó, tí ó gbé ọmọ lé itan. Mile 12 kò jìnnà sí Kétu, ṣùgbọ́n sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ a máa sọ ọ̀nà kúkúrú di gígùn, ooru a sì máa pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹsẹ̀ lásán ọmọdé kan ìbòrí náà. Ẹ sì rántí pé oró kan wà nínú èéfín ọkọ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ kánkán. Owó ọkọ̀ ṣeé tún san. Ẹ̀mí kò ṣeé rà.