Lékeléke Ò Gbọdọ̀ Di Ẹyẹ Inú Orin: Ẹ Kó Àwọn Ọmọ Lọ Wo Ẹyẹ ní Lẹ́kì

Ọmọ Yorùbá wo ni kò tíì na ìka sí lékeléke rí, kó máa bẹ̀ ẹ́ fún èékánná funfun? Àmọ́ nílùú Èkó lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ orin náà tí wọn ò mọ ẹyẹ náà dáadáa.

Ibi tí wọ́n ti lè mọ̀ ọ́n kò jìnnà. Láàrin òkun àti ọ̀sà ní Lẹ́kì, ọgbà kan wà tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó àti ẹranko láti 1990. Hẹ́kítà 78 ni. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà orí irà ibẹ̀.

Ìyá tó bá ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ, àárọ̀ ni kó tètè dé. Bí oòrùn bá mú tán, ẹyẹ á ti sá sábẹ́ ewé, ọmọ á sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Kó má fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ́wọ́ ọmọ o, torí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ, ńṣe ni wọ́n ń já a gbà. Afárá orí igi wà níbẹ̀ tó gùn ní mítà 401, àmọ́ ẹni tó bá wá wo ẹyẹ omi, ìsàlẹ̀ ni kó dúró sí.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ò lè dákẹ́ lásán. Iṣẹ́ ni kí wọ́n fún un: kó máa wo ẹsẹ̀ ẹyẹ. Lékeléke tó ń tẹ̀lé màlúù, tata ló ń wá. Funfun kan wà tó jẹ́ pé inú omi ló ń dúró sí: ẹnu rẹ̀ dúdú, ojúgun rẹ̀ dúdú, àmọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tó pọ́n, àfi bí ẹni wọ bàtà ọdún. Ẹsẹ̀ yìí ló fi ń ru ẹrẹ̀ kí ẹja lè sá jáde. Kékeré kan tún ń rìn létí omi tí kì í yéé mi ìdí. Àlejò ni, òtútù ilẹ̀ Yúróòpù ló ń sá fún. Ọmọ tó bá rí i á mi ìdí tiẹ̀ náà délé.

Ṣùgbọ́n yanrìn ni wọ́n ń dà sí irà Lẹ́kì láti fi kọ́lé, ẹyẹ ò sì lè pẹja lórí kọnkéré. Irà yìí náà ló ń gba omi òjò dúró. Bí wọ́n bá dí i tán, inú ilé àti ṣọ́ọ̀bù lomi ó gbà.

Ọmọ tó bá mọ ẹyẹ sójú, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá láti sọ ọ́ lókò. Lọ́jọ́ iwájú, ó lè jẹ́ òun ni wọn ó gbé ìwé ilẹ̀ irà síwájú rẹ̀ pé kó buwọ́ lù ú.